Ọmọ ọdún 5 tó ń fi òsì jẹun: iṣẹ́ tí OT (occupational therapist) máa ṣe, àti èyí tó kù sọ́wọ́ ilé

Ìyá kan láti Ìsánlú kọ̀wé sí wa báyìí:

"Òkun o. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 5 lóṣù tó kọjá. Ìrọbí rẹ̀ pẹ́, kò sì ké nígbà tí mo bí i. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le, ó máa ń di ìkúùkù ṣáá, ṣóńṣó ẹsẹ̀ ló sì fi ń tẹlẹ̀ lápá ọ̀tún. Òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyá ọkọ mi ní kí a fi gèlè so ọwọ́ òsì yẹn mọ́ ọn lára títí ọ̀tún yóò fi mọ iṣẹ́. Dókítà wá kọ lẹ́tà pé ká lọ rí àwọn occupational therapy. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ni? Ẹ̀ẹ̀melòó la máa lọ kí ọwọ́ náà tó dára? Ọ̀nà jìn, owó mọ́tò sì ti gun òkè."

Òkun o, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ gèlè yẹn ni a ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí kò yẹ kó di ọ̀la: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so ọwọ́ òsì ọmọ náà. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó fi ń bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fi ń di nǹkan mú bó bá fẹ́ ṣubú. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tẹlẹ̀ dáadáa, tí wọ́n tún wá so lọ́wọ́ òsì, ojú ni yóò fi gbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá màmá fa ọ̀rọ̀ o. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń wò yẹn, a ó padà dé ibẹ̀.

Orúkọ iṣẹ́ yìí ló máa ń da àwọn òbí láàmú. Wọ́n gbọ́ "occupational", wọ́n rò pé iṣẹ́ télọ̀ tàbí irun gígẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ níbí. Iṣẹ́ ọmọ ọdún 5 ni kó jẹun, kó wẹ̀, kó wọ ṣòkòtò, kó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kó sì fọ ìdí, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kó di ṣọ́ọ̀kì mú. Ẹni tó ń ṣe occupational therapy, tí a ń pè ní OT ní kúkurú, á wo èyí tí kò lè ṣe nínú wọn, á wá ìdí tí kò fi lè ṣe é, á sì wá ọ̀nà tó máa gbà ṣe é. Nígbà mìíràn ara ọmọ ni yóò kọ́ ọ. Nígbà mìíràn ṣíbí, àga tàbí aṣọ ni a ó yí padà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ọmọ sì lè bá ẹgbẹ́ ṣe é lónìí láìdúró de ọwọ́.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1917, ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kìíní ló sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Nílẹ̀ wa, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà fún un ní Òṣòdì, ní Èkó, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà sì ń fún ni ní oyè nínú rẹ̀. Láti 1988 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Medical Rehabilitation Therapists Board, tó ń forúkọ OT àti physio sílẹ̀. Ẹ lè bi ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọmọ yín bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní in kò ní bínú.

Ẹ ó gbọ́ orúkọ physio pẹ̀lú. Ní kúkurú, physio ló máa dojú kọ ẹsẹ̀ tó ń fi ṣóńṣó tẹlẹ̀ yẹn, ìrìn rẹ̀ àti agbára iṣan. OT ló máa dojú kọ ọwọ́, oúnjẹ, aṣọ àti ilé-ìwé. Ọmọ yín nílò àwọn méjèèjì. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ dé bá ní physio nìkan, ẹ má padà sílé lásán; ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ibi tí OT wà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy ti ẹ̀gbẹ́ kan; dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló lè sọ bóyá òun ni. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ibẹ̀ bá fara pa kí wọ́n tó bí ọmọ, nígbà ìrọbí, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún ọwọ́ kì í dé bó ṣe yẹ. Iṣan tó ń ká ọwọ́ á máa fà, èyí tó ń tú u á máa rọ. Egbò inú ọpọlọ yẹn kì í pọ̀ sí i. Egungun ọmọ ni kò dúró: ó ń gùn lójoojúmọ́, iṣan tó le kì í sì bá a gùn lọ́gbọọgba. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó ń tú dáadáa nígbà tí ọmọ wà ní ọdún 2 fi lè ká wọlé gan-in nígbà tó bá pé ọdún 8, bí a bá ní ká máa wò ó bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, pé kò lè rìn mọ́ tàbí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ìwà àìsàn yìí, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí gìrì bá ń mú un, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Gìrì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní irú èyí, oògùn sì wà fún un.

Nǹkan mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fura sí. Ọwọ́ yẹn lè má mọ ohun tó kàn án dáadáa. Ẹ ní kó di abọ́ mú, abọ́ ti yọ́ bọ́, kò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n á ní ó ya ọ̀lẹ, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti gbìyànjú pẹ̀lú ọ̀tún tí nǹkan dà nù, tó wá rí i pé òsì yá jù? Ọpọlọ ọmọ gbọ́n, ohun tó ń jẹ́ fún un ló ń tẹ̀ lé, ó sì ń gbàgbé ọwọ́ kejì díẹ̀díẹ̀. Nítorí àìmọ̀ọ́lára yìí, omi gbígbóná tí wọ́n máa ń fi jó ọwọ́ ọmọ kí iṣan lè dẹ̀, ẹ má ṣe é. Ó lè bó o láìké. Omi ìwẹ̀ rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Òrí tí ẹ fi ń pa á lára dára fún awọ, ẹ má dá a dúró, ṣùgbọ́n kò lè tú iṣan tó le.

Ní ti òsì tó fi ń jẹun, a mọ̀ bí ó ṣe ń rí lára àgbà nílẹ̀ Ìyàgbà. Ọmọ tó na òsì sí àgbà, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò yan òsì. Òsì ló kù fún un. Òsì ni yóò fi jẹun, òsì ni yóò fi kọ̀wé, ó sì ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí ayé rẹ̀. Kí gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀ láti òní, kí wọ́n dẹ́kun àtiyọ ṣíbí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń wá fún ọ̀tún ni kó di igbákejì rere: kó di abọ́ mú kí òsì bù, kó tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí òsì kọ, kó di ṣòkòtò mú kí òsì fà á sókè. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Bí a ṣe ń pa á lówe ni OT ṣe ń lò ó lójú ayé. Bí ó bá fẹ́ gbé nǹkan fún àgbà, ẹ kọ́ ọ kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí òsì di í mú, kí ọ̀tún wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbà á rí ọ̀wọ̀ tó yẹ wọn, ọwọ́ ọ̀tún náà á rí iṣẹ́ ṣe bíi ogún ìgbà lóòjọ́. Nínú gbogbo ohun tí a máa sọ fún yín, èyí ni a fẹ́ràn jù, nítorí kò gba owó, kò gba àkókò, kò sì dójú ti ọmọ.

Èyí ló gbé wa padà sọ́dọ̀ màmá. Ìtọ́jú kan wà lóòótọ́ tí a fi ń bo ọwọ́ tó dá ṣáṣá mọ́lẹ̀ kí èyí tí kò lágbára lè ṣiṣẹ́, ìwádìí púpọ̀ sì ti fi hàn pé ó ń ran àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yàtọ̀. Ìbọ̀wọ́ rírọ̀ ni wọ́n ń lò, tí ọmọ lè bọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á tàbí bó bá fẹ́ ṣubú, wọn kì í so ó mọ́ ara. Wákàtí rẹ̀ ní ìwọ̀n, bíi wákàtí 2 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á dá a dúró kí ọwọ́ méjèèjì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ní gbogbo wákàtí yẹn, àgbàlagbà kan wà níwájú ọmọ tó ń bá a ṣeré tí ọ̀tún lè ṣe: kó ti bọ́ọ̀lù, kó gbá páálí wó, kó kó èèpo ọsàn sínú garawa. Bí a bá kàn bo ọwọ́ òsì tí a sì bá tiwa lọ, ọmọ kò kọ́ nǹkankan ju pé òun kò lè ṣe é. Wọn kì í ṣe é lásìkò oúnjẹ nígbà tí ebi ń pa ọmọ, wọn kì í ṣe é nígbà tó bá ń rìn kiri, OT ló sì gbọ́dọ̀ yẹ ọwọ́ wò kó tó sọ pé ó yá. Ẹ ka ibí yìí sí màmá létí. Bí wọ́n bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, ẹ fi eré ìrọ̀lẹ́ sọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ní sùúrù bí ìyá àgbà.

Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ, ẹ fọkàn sí bíi wákàtí kan sí ìdajì lé. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń pariwo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kó sì ti sùn dáadáa, nítorí ọmọ tí oorun ń kùn kò ní fi ohun tó mọ̀ hàn. Ẹ mú káàdì ìbímọ àti ti abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, lẹ́tà dókítà, oògùn tó ń lò, àti ṣíbí àti abọ́ tó fi ń jẹun nílé gan-an, pẹ̀lú ṣòkòtò kan tó máa ń wọ̀ àti ìwé tó ń kọ nílé-ìwé. OT á béèrè bí ọjọ́ ọmọ ṣe ń rí láti ìgbà tó bá jí: ta ló ń wẹ̀ ẹ́, orí kí ló ń jókòó sí, ìgbà wo ló ń bínú. Á fọwọ́ kan oríkèé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tó le àti ibi tó rọ̀. Á tún jókòó sílẹ̀ bá a ṣeré, ó lè dà bíi pé kò ṣe nǹkankan. Níbi eré yẹn ló ti ń wò bóyá ọ̀tún ń dìde láti wá ran òsì lọ́wọ́, bóyá ojú rẹ̀ ń rí ohun tó wà lápá ọ̀tún, bóyá ejìká ló ń gbé nígbà tó yẹ kó na ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tó bá parí, á bi yín pé kí lẹ fẹ́ kó lè ṣe. Ẹ má sọ pé "kí ọwọ́ rẹ̀ dára." Ẹ̀yin àti OT kò ní mọ ọjọ́ tí ẹ dé ibẹ̀. Ẹ sọ nǹkan tí ojú rí: "kó fi ọ̀tún di abọ́ mú títí yóò fi jẹ iyán rẹ̀ tán, láìsí ẹni tó bá a di í." Ẹyọ kan, ó pọ̀ jù, méjì. Òbí tó bá gbé nǹkan mẹ́jọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀sẹ̀ kejì ni yóò ti sú u.

Ìbéèrè ẹ̀ẹ̀melòó yín dá lórí èyí. Kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ló ń tú ọwọ́, bí kò ṣe iye wákàtí tí ọwọ́ fi ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìwádìí lórí irú àwọn ọmọ yìí fi hàn pé kí ọmọ tó mọ iṣẹ́ kan pàtó ṣe, ó máa ń gbà tó wákàtí 15 sí 25 ìdánrawò, a sì ń ka ti ilé mọ́ ọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdajì wákàtí lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 8, wákàtí 20 nìyẹn. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn nìkan, tí ẹ ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún wákàtí kan, yóò gba ogún oṣù. Nítorí náà ọ̀nà tó jìn kò ba nǹkan jẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ sọ fún OT ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé láti Ìsánlú lẹ ti ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ 4 tàbí 6 lẹ lè wá, kó kọ́ yín ní èyí tí ẹ máa ṣe nílé, kó ṣe é lójú yín, kí ẹ̀yin náà ṣe é lójú rẹ̀ kí ẹ tó dìde. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Láàárín oṣù, ẹ lè ya fídíò ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọmọ ń jẹun, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí OT bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gbéra lọ sí Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin, ẹ pè kí ẹ sì béèrè pé ṣé OT wà, ọjọ́ wo ló ń gba ọmọdé. Gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló ní i, ó sì máa ń dun ni púpọ̀ kí ìyá gbé ọmọ rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kó wá bá ilẹ̀kùn títì.

Iṣẹ́ abọ́ yẹn, báyìí la ṣe ń ṣe é. Ẹ wá àpótí tí ọmọ máa jókòó lé tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fi kanlẹ̀ pátápátá, tí orúnkún á ká bí igun ilé. Bí ẹsẹ̀ kò bá kanlẹ̀, ara á máa wá ibi tó máa dì mú, ọwọ́ ọ̀tún á sì tún di ìkúùkù. Ẹ gbé oúnjẹ sórí ohun tó ga dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Abọ́ onírin tí etí rẹ̀ ga ló dára. Abọ́ ike fúyẹ́ jù, á máa sá. Iyán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwúwo rẹ̀ ń bá a di abọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀wà àti ìrẹsì á tẹ̀ lé e, ògì ló kẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà yọ́, kí ẹ sì ní kó kàn gbé ọwọ́ ọ̀tún lé etí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá bọ́, ẹ má fa ìka. Ẹ fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ látẹ̀yìn, kí ẹ tì í síwájú díẹ̀, kó fúnra rẹ̀ dá ọwọ́ padà. Nígbà tó bá ń pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, ẹ yọ aṣọ tútù náà, kí abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ díẹ̀, kí ọ̀tún lè rí ìdí tó fi yẹ kó dì í mú. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ bíi ìdajì láìsí ìdánrawò. Ọmọ tí ebi ń pa kì í kẹ́kọ̀ọ́, ẹkún ló ń sun.

Bí ó bá máa ń wúkọ́ lẹ́nu oúnjẹ, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi pé omi wà lọ́nà ọ̀fun, tàbí tí àyà rẹ̀ ń ṣàìsàn léraléra, ẹ dúró, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ oúnjẹ lọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ pẹ̀lú orí tó dà sẹ́yìn láéláé.

Títú ìkúùkù náà wà lára ohun tí ilé ń ṣe ní àṣìṣe jù. Ọ̀pọ̀ máa ń na ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ẹ̀kọ. Ó ń dun ọmọ, iṣan á sì túbọ̀ fà. Ẹ jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, ẹ gbé apá rẹ̀ lé itan yín. Ẹ rọra tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí inú apá. Ẹ ó rí i tí ìka ń tú fúnra wọn, nítorí iṣan tó ń ká ìka gba ọrùn ọwọ́ kọjá. Bí ibẹ̀ bá tẹ̀, iṣan á dẹ̀. Ẹ wá di ìdí àtàǹpàkò mú níbi tó ti jáde lára àtẹ́lẹwọ́, ẹ má di ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ rọra mú un jáde. Àwọn ìka tó kù á tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ọrùn ọwọ́ padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ó sì dúró níbi tí ó bá ti fẹ́ le. Ẹ fọ àtẹ́lẹwọ́ náà, kí ẹ nu àárín ìka gbẹ, nítorí òógùn máa ń bà á jẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà ìwẹ̀, kó má dà bí ìyà.

Aṣọ kò le: ọwọ́ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wọ apá aṣọ, òun náà ni kó jáde gbẹ̀yìn. Ṣòkòtò onírọ́bà ni kó máa wọ̀ ní báyìí. Ẹ bá a fà á dé itan, kó fa èyí tó kù sókè fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ máa fi sílẹ̀ fún un láti orúnkún, lẹ́yìn náà láti ẹsẹ̀. Ìparí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ayọ̀ pé òun parí rẹ̀ ló sì ń mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ má kọ́ ọ láàárọ̀ ilé-ìwé nígbà tí gbogbo ilé ń sáré. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ ló dára.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ gan-an nìyí: ìfẹ́ ará ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i tó ń bá bàtà jà, ó sáré bá a wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin gan-an rí i tí iyán bọ́ sílẹ̀, ẹ gba abọ́. Kò sí ẹni tó ṣe búburú, ṣùgbọ́n bí ogún àyè bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́, wákàtí 20 yẹn kò ní pé láéláé. Ẹ sọ ọ́ di òfin ilé pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka ení dé ogún nínú kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́. Ó máa ń dun òbí láti wò ó. A mọ̀.

Fún eré, ilé yín ti kún fún ohun èlò. Pípa ẹ̀pà, kí ọ̀tún di í mú kí òsì fọ́ ọ. Yíyọ hóró àgbàdo lára kùùkù rẹ̀. Bíbó ẹyin sísè. Ayò olópọ́n dára lọ́tọ̀: ọmọ ayò 48 nínú ihò 12, kí òsì kó wọn, kí ọ̀tún máa gbé ẹyọ kan, ẹyọ kan, sínú ihò, ẹ kàn má jẹ́ kí àbúrò tí kò tíì pé ọdún 3 wà nítòsí, kó má baà gbé e mì. Lásìkò kajú, ẹ má fi kóró tútù rẹ̀ dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Epo inú èèpo rẹ̀ ń jó awọ, ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lára á sì pẹ́ kó tó gbé e jù sílẹ̀.

Ní ilé-ìwé, ẹ bẹ olùkọ́ kó má tíì fipá mú un kọ ABD. Ọmọ máa ń lè wo àpẹẹrẹ ya òbírí ní bíi ọdún 3, àgbélébùú ní bíi ọdún 4, igun mẹ́rin ní bíi ọdún 5. Bí ọmọ kò bá tíì lè ya àgbélébùú, lẹ́tà á ṣòro fún un, ìyà kò sì lè yí i padà. Kí ó jókòó síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kanlẹ̀. Bí àga bá ga, kí wọ́n gbé pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì kékeré tí kò ju gígùn oríkèé ìka kan lọ. Èyí tó gùn ló máa fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì, èyí tó kúrú kò ní lè dì mú bí kò ṣe pẹ̀lú ṣóńṣó ìka. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó wà lórí ìwé. Bí ilé-ìwé kan bá wá sọ pé àwọn kò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òfin tí ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 ti ka ṣíṣe ojúsàájú sí ẹni tó ní àbùkù ara léèwọ̀, ó sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́ ná.

Ó ṣeé ṣe kí OT mọ ike kan tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, splint ni wọ́n ń pè é, kó máa dè é sùn. Ẹ má dè é ní gbogbo òru lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wákàtí kan, kí ẹ tú u, kí ẹ wo awọ ara. Ibi tó bá pọ́n yẹ kó ti lọ láàárín ìdajì wákàtí. Bí kò bá lọ, ẹ má tún dè é mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ọmọ ń dàgbà, ike kò dàgbà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan á ti fún un.

Ṣé ọwọ́ náà á wá dára? Kò ní dà bíi ti òsì, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, tó ní kí ẹ san owó ìgbà 12 sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sá fún un. Ohun tó ṣeé retí ni kí ó jẹun láìsí olùrànlọ́wọ́, kó wọ aṣọ rẹ̀, kó kọ̀wé pẹ̀lú òsì, kí ọ̀tún sì máa dìde wá bá òsì ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an létí. Bí oṣù 2 sí 3 bá kọjá tí ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ tí ohunkóhun kò yí padà, iṣẹ́ tí ẹ yàn ló pọ̀ jù fún un tàbí ọ̀nà tí ẹ gbà kò bá a mu. Ẹ sọ ọ́ fún OT kó yí i padà. Ẹ ra ìwé ogójì-ewé kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, iye ìṣẹ́jú, àti ibi tí ọwọ́ ti bọ́ kúrò lára abọ́. Ìwé yẹn ni OT máa kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ẹ bá padà lọ.